Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Dìde Fúnra Wọn

Bí mo bá rí ọmọ méjì tí wọ́n di màmá wọn mú lábíyá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń gbé wọn sókè lórí bẹ́ǹṣì wa níbi iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, níbi tá a ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, mo ti mọ ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó lanu. "Ẹsẹ̀ màmá ò gbé wọn mọ́." Láti ìgbà wo? "Láti ìgbà tá a ti ní kí wọ́n máa sinmi ni." Wọ́n á tún fi yangàn: àwọn ti gba ọmọ ọ̀dọ̀, màmá kì í gbálẹ̀ mọ́, wọn kì í lọ tajà ní ọjà Olúwo ní Ẹpẹ níbí mọ́, kódà àwọn ti ra póò sínú yàrá kí wọ́n má baà máa rìn lọ sílé ìyàgbẹ́ lóru. Ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹran itan màmá tán.

Mi ò ní fi ààyè ṣòfò lórí ohun tí iṣan jẹ́. Ẹni tó bá ti kun àgbò Iléyá rí ti mọ̀ ọ́n: ẹran pupa tó so mọ́ eegun itan yẹn náà ni. Láti bí ọmọ 30 ọdún ni tiwa ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Agbára tiẹ̀ máa ń ṣáájú ẹran lọ. Àwọn fọ́nrán tó ń yára ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gbà wá sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ òkúta, àwọn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń ṣubú níbi tí ọmọdé á kàn ti kọsẹ̀ tí á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Irwin Rosenberg, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló fún dídínkù ẹran ara yìí lórúkọ sarcopenia ní 1989. Ní 2016 ni Amẹ́ríkà tó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń kọ àrùn sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi mọ́ pé "ọjọ́ ogbó ni, Dókítà." Ọjọ́ ogbó wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Òun nìkan kọ́.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde: wọ́n ní kí àwọn àgbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10. Ẹran tó kúrò lẹ́sẹ̀ wọn sún mọ́ kílò kan. Ara wọn dá ṣáṣá o. Kò sí ibà, kò sí iṣẹ́ abẹ. Ẹ wá wo màmá tí ibà gbé dè, tí ọsibítù dá padà sílé, tí gbogbo ẹbí wá ní kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù kan kí ara wọn lè bọ̀ sípò. Ara wo ló kù tó fẹ́ bọ̀ sípò?

Àwọn tó bá ń rò pé ó ti pẹ́ jù, ẹ gbọ́. Ní 1990, ní Boston, wọ́n kó àwọn arúgbó bí ẹni 90 ọdún ní ilé ìtọ́jú, wọ́n fi irin kọ́ itan wọn níṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára itan wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ó ń lọ sí ìlọ́po mẹ́ta. Ní 1994, wọ́n tún ṣe é fún èèyàn 100 tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bíi 87. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 10, agbára wọn ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní ohun mímu aṣaralóore láìsí eré ìdárayá, kò sí nǹkan kan tó yí padà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé agolo olówó ńlá wá láti Lẹkí lópin oṣù, tí ẹ ó fi sórí fíríìjì, tí ẹ ó sì yí mọ́tò padà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ó yẹ kí n tún sọ èyí kí ọkàn mi lè fúyẹ́: mi ò kì í ṣe oní-másáàjì. Ó kéré tán, ọdún 5 la fi ń ka fisiotẹ́rápì ní yunifásítì nílẹ̀ wa. À ń gé òkú wò, à ń kọ́ nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n tó gbé ìwé ẹ̀rí lé wa lọ́wọ́. Ẹnìkan á wá wọlé, á tú ìró, á ní, "Dókítà, ẹ bá mi fi àdí yìí wọ́ ọ dáadáa." Àdí dára, òrí dára, ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dùn mọ́ ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wọ́ lẹ́sẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹni tó ń wọ́ ọ ló ń ṣe eré ìdárayá. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì láti Ajah sí Ẹpẹ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò náni ní kọ́bọ̀: dìde, jókòó.

Ẹ má lo àga onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀. Ó ti jìn jù, ó ti rọ̀ jù, ìdí á rì sínú ẹ̀. Àga onígi tí ẹ fi ń jẹun ni kí ẹ wá, èyí tí ìjókòó rẹ̀ bá orúnkún dọ́gba. Bó bá jẹ́ àga oníke, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, torí táìlì yín yẹn ń yọ̀. Kí màmá jókòó síwájú àga, kí wọ́n má fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí gìgísẹ̀ kọjá sẹ́yìn orúnkún. Kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kí wọ́n wá tẹ̀ síwájú títí imú á fi dé ọ̀kánkán ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣe é gbòdì: wọ́n á na ẹ̀yìn gbọnrangandan, wọ́n á wá máa fi ọrùn wá agbára. Ẹ tẹ̀ síwájú! Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí wọ́n dìde tán porogodo, kí wọ́n máa mí jáde bí wọ́n ṣe ń dìde. Lẹ́yìn náà kí wọ́n rọra padà jókòó, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Wọn ò gbọdọ̀ já lulẹ̀ gbì. Rírọra jókòó yẹn ń mọ ẹran bíi dídìde gan-an.

Ẹ gbé fóònù yín jáde kí ẹ ṣírò ẹ̀: ẹ̀ẹ̀marùn-ún, láìfọwọ́ kan àga. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, itan yẹn ti ń lọ, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣubú. Ẹni tí kò lè ṣe ẹyọ kan, ẹ ká aṣọ nípọn sórí àga kó ga sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ ti itan. Bó bá ti ń rọrùn, ẹ máa yọ aṣọ ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 8 sí 10, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe títí ó fi pé ẹsẹ mẹ́ta. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín. Bí ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án àti ẹ̀ẹ̀kẹwàá ò bá nira, ó ti rọrùn jù nìyẹn, kí wọ́n gbé ìgò omi mọ́ra. Màmá kan bi mí pé ṣé rírìn tí àwọn ń rìn láti Ayétòrò dé Marina kò tó ni. Ó dára fún ọkàn, ó dára fún ìfúnpá, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo ni itan ń fẹ́. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ìfúnpá rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó rí dókítà ná.

Ọ̀pọ̀ àgbà wa ní Ẹpẹ ló jẹ́ Mùsùlùmí, mo sì ń sọ èyí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí mi ò kì í ṣe àlùfáà. Ẹ̀sìn gba aláìlera láyè kó jókòó kírun. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn tí orúnkún dùn fún ọ̀sẹ̀ kan péré, tí wọ́n wá sọ àga di ti ayérayé. Ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan jẹ́ ràkáà 17. Ẹ ka iye ìgbà tí èèyàn ń gbéra nílẹ̀ nínú wọn, kí ẹ tó gbé gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku oúnjẹ, ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí mi, torí pé Ẹpẹ la wà. Àwọn ará Èkó ń gba ojú títì wá sí Olúwo ní àárọ̀ Sátidé láti wá ra ẹja. Ìyá tó ti ń tà á láti kékeré wà nílé, ó ń fi tíì ti búrẹ́dì. Bí ẹja bá tiẹ̀ wọ abọ́ wọn, wọ́n á gé e sí méjì fún ọmọ-ọmọ. Ẹnìkan á tún sọ pé ẹran ò bá ara àgbà mu, pé ẹyin ò dáa fún wọn, pé ẹ̀wà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ló sọ? Alágbo tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Purotéènì kékeré tó ń mọ ẹran fún ọ̀dọ́ kì í tó àgbà. Gírámù 1 sí 1.2 fún kílò ara kan lójúmọ́ ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan fẹnu kò lé lórí ní 2013. Ìyá tó bá wọn kílò 60, gírámù 60 sí 72 nìyẹn. Kí wọ́n pín in sí oúnjẹ mẹ́ta, kó máa tó bíi 25 lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gírámù 6. Ẹja sísè tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní bíi 20. Ẹ̀kọ? Ẹ má bi mí. Ìkókorẹ́ tá à ń jẹ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹja inú rẹ̀ bá ewùrà du ipò. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti lọ, ẹ yọ eegun ẹja kí ẹ fọ́ ọ sínú ọbẹ̀; mọ́ínmọ́ín ò tiẹ̀ béèrè eyín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn nìkan ni kó má tẹ̀ lé mi níbí, dókítà rẹ̀ ló máa sọ iye tó máa jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́. Wọ́n gbé ìyá kan wá, ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn. Ojú wọn yọ roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán, àwọn aládùúgbò ti ń kí wọn pé ọmọ ń tọ́jú wọn. Mo ní kí wọ́n ká ìró sókè. Itan tín-ín-rín, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àpá dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù. Wọn ò lè gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọn ò sì lè gbé ọwọ́ sókè wé gèlè. Orúnkún méjèèjì kún fún gbẹ́rẹ́. Bàbá kan ti sọ fún wọn pé elénìní kan lọ́jà ló ju nǹkan sílẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbowó ètùtù.

Mo béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. "Kò sí." Àgbo ńkọ́? "Ti jẹ̀díjẹ̀dí nìkan." Oògùn ara ríro ńkọ́? Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n tú etí ìró, wọ́n mú nylon kékeré kan jáde: kóró funfun, kóró yẹ́lò, kápúsù kan, àti kóró wínníwínní kan báyìí. Àpòpọ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbé e kiri ọjà ló ń dì í fún wọn. Kò lórúkọ, kò ní páálí. Kóró wínníwínní yẹn ni mo fura sí, apòògùn sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀: dexamethasone.

Dexamethasone àti prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó jọ èròjà kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù lórí oṣù, ìrora á lọ kíákíá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Lẹ́yìn náà, á kó ọ̀rá jọ sójú, á yọ́ ẹran itan àti ti èjìká, á sọ eegun di ẹlẹgẹ́, á gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè. Ojú ń sanra, itan ń kú, gbogbo ilé ń dúpẹ́.

Ọmọ wọn gba nylon náà, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Mo pariwo. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí oògùn yìí, ara rẹ̀ á ti dẹ́kun àtimáa ṣe irú èròjà yẹn fúnra rẹ̀. Bó bá dá a dúró lójijì, ìfúnpá lè já wálẹ̀, ó lè dá kú, ó lè gba ibẹ̀ kú. Dókítà ló dín in kù fún wọn díẹ̀díẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ látorí àga tá a fi aṣọ gbé ga. Wọ́n ti padà sídìí ẹja yíyan báyìí, wọ́n sì máa ń bú mi dáadáa bí mo bá ní ó ku ẹ̀ẹ̀kẹwàá. Oníàpòpọ̀ ṣì wà lọ́jà, ó ń ta tiẹ̀.

Oògùn tí kò ní páálí, tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ apòògùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì. Bí wọ́n bá ti ń lò ó bọ̀ tipẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ tààrà, kí ẹ mú nylon náà dání. Bí màmá bá ní àwọn ò lo nǹkan kan, ẹ yẹ etí ìró wò.