Iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ohun ìjà ńlá l'Amẹ́ríkà: kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: Ṣé ti ìjọba ni àwọn Lockheed Martin wọ̀nyí ni?

Rárá o, ti aládàáni ni. Lockheed Martin, Northrop Grumman, General Dynamics, RTX táwọn èèyàn ṣì ń pè ní Raytheon, Boeing náà lápá ti ológun, gbogbo wọn ló ní share tẹ́nikẹ́ni lè rà. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ló ń bọ́ wọn, ìyẹn ìjọba Amẹ́ríkà, kódà tí wọ́n bá fẹ́ ta ohun ìjà fún orílẹ̀-èdè míì, ìjọba Amẹ́ríkà náà ló máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí ti ń wá.

Wọ́n pọ̀ jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ní 1993, lẹ́yìn tí Soviet Union ti fọ́, Pentagon, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ológun, pe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí wá jẹun alẹ́, wọ́n ní owó ológun ń bọ̀ wá já wálẹ̀ o, kí kálukú lọ wá ẹni tó máa bá dà pọ̀. Oúnjẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní Last Supper títí dòní. Lockheed àti Martin Marietta di ọ̀kan ní 1995, àwọn yòókù náà ń gbé ara wọn mì, nígbà tó fi máa di 2022 Pentagon fúnra wọn kọ ọ́ síwèé pé àwọn ńlá tó ń gba contract tààrà ti wálẹ̀ láti 51 sí 5. Pentagon ló fà á fúnra wọn, àwọn náà ló tún wá ń ráhùn.

Ìbéèrè: Kí ni clearance, kí ló sì dé tó ń pẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àṣẹ tí ìjọba ń fún èèyàn pé ó lè rí àṣírí nìyẹn. Ìpele mẹ́ta ló wà, Confidential, Secret àti Top Secret. Kò sẹ́ni tó lè dá lọ bèèrè fún un, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà ẹ́ ló máa bá ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ jẹ́ citizen. Green card lè tó fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé òfin ITAR nìkan ló dè é, ìyẹn òfin tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàdédé fi ìmọ̀ ohun ìjà han ará òkèèrè, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ clearance, green card ò ràn án.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀ ń jẹ́ SF-86, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú di í. Gbogbo ibi téèyàn gbé fún ọdún 10 láìfo oṣù kankan, gbogbo iṣẹ́, gbogbo ọ̀gá, ẹbí tó wà lókè òkun, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, àní owó téèyàn ń fi ránṣẹ́ sí wọn pàápàá, wọ́n bèèrè ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá rán èèyàn jáde, pàápàá tó bá jẹ́ Top Secret, wọ́n lè lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò ẹ, wọ́n lè bi ọ̀gá ẹ àtijọ́ bóyá o máa ń mutí yó. Ìdí tó fi ń pẹ́ nìyẹn, ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè ju ọdún kan lọ fún ẹlòmíì.

Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé níní ẹbí lókè òkun nìkan kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́, fífi í pa mọ́ ló burú jù. Gbèsè náà ń ba tèèyàn jẹ́ gan-an, torí ẹni tí gbèsè ti ká mọ́ lójú wọn rọrùn láti fowó rà. Igbó mímu ńkọ́? Òfin ìpínlẹ̀ ẹ lè gbà á láyè, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á, ti àpapọ̀ sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Kí clearance tó dé ńkọ́, kí lèèyàn ń ṣe? Wọ́n á fún ẹ níṣẹ́ tí kì í ṣe àṣírí tí wọ́n bá rí. Tí wọn ò bá rí, wàá jókòó fọwọ́ lẹ́rán, wàá máa wo fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń fi báàjì wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn?

Ìwọ fúnra ẹ lo máa fi í sílẹ̀. Yàrá iṣẹ́ àṣírí ń jẹ́ SCIF, wọ́n sábà máa ń to àwọn àpótí kéékèèké sára ògiri níta ẹ̀, ibẹ̀ ni fóònù ẹ máa sùn di ìrọ̀lẹ́. Aago tó ń ka ìṣísẹ̀, earpiece Bluetooth, gbogbo ẹ̀ ló ń dúró síta. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i láàárọ̀ á kọ orúkọ àti aago síbẹ̀, ẹni tó tì í gbẹ̀yìn náà á kọ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní fèrèsé. Tí ẹni tí ò ní clearance bá fẹ́ wọlé, bóyá ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, wọ́n á tan iná pupa tàbí kí wọ́n pariwo pé àlejò ń bọ̀ o, gbogbo èèyàn á sì bo ohun tó wà níwájú wọn. Tí ilé bá pè ẹ́ ní pàjáwìrì, nọ́ńbà tẹlifóònù orí tábìlì ni wọ́n máa pè, ẹ tètè fún wọn ní nọ́ńbà yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tẹ́rù timesheet, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ sí, fi ń bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Torí ó lè gbé èèyàn dé kóòtù. Ojoojúmọ́ lèèyàn ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ kó o pín wákàtí sí ìdá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 6 kọ̀ọ̀kan, kó o sì fi gbogbo ẹ̀ sábẹ́ charge number tó tọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ contract ni ìjọba máa ń san iye tí iṣẹ́ náà ná ilé-iṣẹ́, wọ́n á wá fi èrè kún un, ìyẹn cost-plus. Tó o bá wá fi wákàtí iṣẹ́ A sábẹ́ iṣẹ́ B, ìjọba lo ń jà lólè yẹn, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá ẹ ló ní kó o ṣe é. Àwọn oníṣirò DCAA, ìyẹn àwọn tó ń bá Pentagon yẹ ìwé owó wò, lè yọjú lójijì, kí wọ́n bi ẹ́ pé kí lò ń ṣe báyìí, nọ́ńbà wo lo sì ń kọ ọ́ sí. Òfin tí wọ́n fi ń mú èèyàn, False Claims Act, láti 1863 ló ti wà, àwọn tó ń ta ọjà jíbìtì fún ológun nígbà ogun abẹ́lé ló fà á.

Oríṣi contract kejì ni iye kan ṣoṣo, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ilé-iṣẹ́ ló máa jẹ ẹ́. Boeing ti pàdánù ju 7 bílíọ̀nù dọ́là lọ lórí ọkọ̀ òfuurufú KC-46 nítorí irú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé torí ìyẹn ni gbogbo nǹkan ṣe ń falẹ̀?

Ara ẹ̀ ni. Gbogbo gbólóhùn tó wà nínú contract ni wọ́n gbọ́dọ̀ dán wò kẹ́nì kan fọwọ́ sí i, ẹ wo ọkọ̀ òfuurufú ogun F-35: 2001 ni Lockheed gbà á, ọkọ̀ àkọ́kọ́ fò ní 2006, oṣù kẹta 2024 ni Pentagon ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lù ú pé wọ́n lè máa ṣe é ní kíkún, nígbà yẹn wọ́n ti kó nǹkan bí 1,000 jáde! Owó ìjọba náà, October 1 ló yẹ kí ọdún ìnáwó tuntun bẹ̀rẹ̀, Congress kì í sábà parí ìjà wọn kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ tuntun ò sì lè bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù B-52 tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní 1962 ṣì ń fò, torí náà engineer tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lè máa ka àwòrán tẹ́nì kan yà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kí iṣẹ́ òun dé ọwọ́ èèyàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má lọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́?

Ó dáa, kò tó ti àwọn Google. Ọ̀pọ̀ ń ṣe 9/80, ìyẹn wákàtí 80 lọ́jọ́ 9, bíi wákàtí 9 lójúmọ́, kí Friday kan nínú méjì jẹ́ ìsinmi, àwọn tó ti jẹ ẹ́ rí kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ àṣírí ò sì ṣeé gbé délé, tó o bá ti tilẹ̀kùn, ó parí.

Ìbéèrè: Ọkàn wọn kì í dá wọn lẹ́bi?

Àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti kúrò. Àwọn míì gbà pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ lè dáàbò bo ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rò ó lójoojúmọ́, torí apá kékeré kan ni wọ́n rí, irin kékeré kan tó ń di nǹkan mú, bóyá software kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe misáìlì náà ló ń ṣe sátẹ́láìtì GPS tí fóònù yín ń lò. Lójú tèmi, ẹni tọ́rọ̀ yìí bá ń jẹ lọ́kàn kó bèèrè kó tó fọwọ́ síwèé, pé program wo ni. Wọ́n lè má lè sọ fún un, kó mọ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ ara ìdáhùn.

Kó sì bèèrè bóyá wọ́n ti gba contract yẹn tàbí wọ́n ṣì ń dù ú, torí wọ́n máa ń fún èèyàn níwèé iṣẹ́ tó sọ pé "tá a bá gbà á". Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀.