Ìkólẹ́búlẹ́bú: Ohun Tó Wà Láàárín Òdòdó àti Èso

Ìkólẹ́búlẹ́bú ni mo ń pe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́, kòkòrò, ẹyẹ tàbí àdán ń ṣe nígbà tí wọ́n bá kó lẹ́búlẹ́bú ara òdòdó akọ dé ẹnu òdòdó abo. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Rẹ́mọ, láti Ṣágámù títí dé Ìṣarà, tí kò mọ̀ pé igi gbọ́dọ̀ tanná kí ó tó so. Ohun tó wà láàárín títanná àti síso ni ọ̀pọ̀ kò rí, mo sì gbà pé orúkọ tí àwọn tó ń la ọ̀rọ̀ yìí yé àgbẹ̀ ń pè é ló fà á.

Mo ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta tí n kò lè gbà. Èkíní ni “pọlinéṣọ̀n”. N kò bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò. Kòkó àti kọfí wọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú orúkọ wọn, a sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó kò ti ibì kankan wọ̀lú. Ó ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ oko àwọn baba ńlá wa láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo. Èkejì ni “ìgbàtọ̀”. Omi ni àtọ̀, lẹ́búlẹ́bú kì í sì í ṣàn. Ohun tí à bá pè ní àtọ̀ gan-an fara pamọ́ sínú hóró lẹ́búlẹ́bú, kò sì ní jáde títí hóró náà yóò fi dé ẹnu òdòdó abo, tí yóò sì ti ibẹ̀ hu ọ̀nà tín-ín-rín kan wọlé lọ bá ẹyin.

Ẹ̀kẹta, “ìbálòpọ̀ òdòdó”, ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé ó dùn létí, ó sì ń ṣini lọ́nà. Àwọn méjì tó bá ń bá ara wọn lò pọ̀ gbọ́dọ̀ pàdé. Igi obì tó wà létí odò àti èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò lè pàdé láéláé. Èyí tó tún burú jù ni pé orúkọ náà di nǹkan méjì pọ̀ sójú kan: bí lẹ́búlẹ́bú ṣe dé ẹnu òdòdó, àti bí òdòdó ṣe lóyún. Bí a bá ti pe méjèèjì ní ìbálòpọ̀, àgbẹ̀ tó rí kòkòrò oyin lórí òdòdó rẹ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, kò sì ní mọ ibi tí yóò wò nígbà tí òdòdó náà bá rẹ̀ dànù.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí ìkólẹ́búlẹ́bú. Mo lo “kó” nítorí pé ohun tó pọ̀ ni Yorùbá máa ń kó, ohun kan ṣoṣo ni à ń gbé. Hóró tó ń lẹ̀ mọ́ ara oyin kan ṣoṣo sì kọjá ohun tí ojú lè kà. Lẹ́búlẹ́bú ní tirẹ̀ kò nílò àlàyé: ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ ti lo ọ̀rọ̀ náà rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìpẹru ní orúkọ náà gùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gùn jù ú lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà sì ń pè é lójoojúmọ́. Ó fẹ́ kí a gé e sí “ìkólẹ́bú”. N kò gbà, nítorí pé “lẹ́bú” nìkan kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ alárinà ìgbéyàwó ni kí a fi wò ó. Ọmọkùnrin kò mọ ilé ọmọbìnrin, ọmọbìnrin kò mọ tirẹ̀. Alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ní ohun tó ń jẹ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oyin ṣe ń wá omi dídùn inú òdòdó kiri láìmọ̀ pé òun ń jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí alárinà dé ẹnu ọ̀nà kò tíì di ìgbéyàwó. Àwọn ẹbí ìyàwó yóò ṣe ìwádìí. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, wọn yóò ní kí ó máa lọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìkólẹ́búlẹ́bú parí sí.

Obì gbànja ló fi èyí hàn jù lọ, òun sì ni a mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ́. Òwò rẹ̀ ló kó àwọn Hausa wá sí Sábó ní Ṣágámù. Ẹ ká ẹ̀ka kan tó tanná kí ẹ wò ó dáadáa. Òdòdó náà funfun díẹ̀, àmì pupa tó ṣú wà láàárín rẹ̀. Akọ ni àwọn kékeré, àwọn tó tóbi jù ló ní ilé ọmọ, ilé ọmọ náà sì pín sí ọ̀nà márùn-ún, èyí ló fi jẹ́ pé èso tó jáde láti ara òdòdó kan lè tó márùn-ún. Igi kan náà ló ní akọ àti abo, síbẹ̀ òdòdó abo ọ̀pọ̀ igi obì kì í gba lẹ́búlẹ́bú akọ tirẹ̀. Ti igi mìíràn ló ń gbà, kódà kì í ṣe gbogbo igi mìíràn náà. Nítorí èyí, igi obì tó dá dúró lẹ́yìn ilé lè máa tanná lọ́dọọdún kí ó má so. Àwọn aládùúgbò a ní akọ igi ni, àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe é, wọn a sì gé e, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí yóò fẹ́ ni kò rí. Ẹni tó bá tún gé ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tó ń so dáadáa, tó sì fi gbin gbogbo oko rẹ̀, igi kan ló gbìn, ìbáà tó ọgọ́rùn-ún lójú. (Akọ àti abo awẹ́ obì àbàtà tí à ń dà ní ìdí òrìṣà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò bá ti òdòdó tan.)

Ti kòkó tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn irú kòkó tó ń kọ lẹ́búlẹ́bú ara wọn a máa jẹ́ kí ó wọlé títí dé ọ̀dọ̀ ẹyin kí wọ́n tó kọ̀ ọ́, òdòdó náà a sì já bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Àgbàdo kò bẹ alárinà ẹlẹ́mìí. Afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ni akọ, irun ọmọ àgbàdo jẹ́ ti abo, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ hóró kan ṣoṣo. Ẹ ṣí èèpo ọ̀kan nínú àgbàdo tí wọ́n ń tà létí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: ibi tí ẹ bá ti rí àlàfo láàárín hóró, fọ́nrán kan wà níbẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú kò kàn. Nínú lẹ́tà kan tí Rudolf Jakob Camerarius, onímọ̀ nípa ewéko, kọ ní 1694, ní Tübingen ní Jámánì, ó ṣàlàyé pé òun gé irun ọmọ àgbàdo kúrò, hóró kankan kò sì yọ. Lẹ́tà yẹn ló fi hàn gbangba pé ewéko ní akọ àti abo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé a kì í dúró de òdòdó wọn kí a tó gbìn wọ́n.

Ọ̀pẹ ni yóò jẹ́ kí a mọ iye tí alárinà tó. Ọ̀pẹ kan a máa yọ òdòdó akọ lákòókò kan, abo lákòókò mìíràn, nítorí náà ara ọ̀pẹ mìíràn ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí wọ́n gbin ọ̀pẹ Áfíríkà ní Malaysia, igi ni wọ́n mú lọ, wọn kò mú kòkòrò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ fọ́n lẹ́búlẹ́bú sí òdòdó ọ̀pẹ, títí di 1981 tí wọ́n kó kòkòrò kékeré kan, Elaeidobius kamerunicus, láti Cameroon lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀, ìdì ẹyìn sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kòkòrò yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pẹ ilẹ̀ wa láìgba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé kíkó ni à ń kó lẹ́búlẹ́bú yóò béèrè ẹni tó ń kó o. Ti kòkó, eṣinṣin wínníwínní tó kéré ju kantíkantí lọ ni, inú ewé tó ń jẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà lábẹ́ igi ni wọ́n sì ń bí sí. Àgbẹ̀ tó gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ mọ́ féfé, tó tún ń fín oògùn kòkòrò láàárọ̀ nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ti pa wọ́n run kí wọ́n tó jẹ́ iṣẹ́ kankan. Kí ó gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó tú u ká abẹ́ igi nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí oògùn dúró di ìgbà tí òdòdó bá dín kù.