Ta ló ń dí òǹkọ̀wé lẹ́nu? Ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni mí. Ìlọrin ni mo ń gbé, Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé. Nínú ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, amọ̀kòkò kan wà tí ọkàn rẹ̀ fà sí obìnrin bíi tirẹ̀. Bí ìwé náà ti jáde báyìí ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́jà, àfáà, àti àwọn kan tó jẹ́ pé èébú ni wọ́n kọ, tí wọ́n wá fi àmì ìbéèrè sí i nídìí. Mo ṣa èyí tó ṣe é dáhùn.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin fàyè gba irú ìwé yìí? Àyà mi ń já nítorí yín.

O ṣé, àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi òfin yẹn dẹ́rù ba èèyàn ni kò tíì kà á rí, nítorí náà jẹ́ ká kà á.

Ní January 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é, tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, tó bá wọn ṣẹgbẹ́, tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Lẹ́yìn ìyẹn, Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, tí Kwara náà jogún, ní abala 284, tó fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún ìbálòpọ̀ tí òfin ní ó lòdì sí ìṣẹ̀dá. Àwọn ará ìta máa ń rò pé òfin ìjìyà Ṣàríà ló wà ní Ìlọrin nítorí pé a pọ̀ ní mùsùlùmí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ 12 ló gba òfin yẹn wọlé ní Àríwá láti 1999 síwájú, Kwara kò sí nínú wọn. Kóòtù Ṣàríà tó wà lọ́dọ̀ wa, ẹjọ́ ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn ni wọ́n ń dá níbẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìwé ìtàn. Abala 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ìwà tó tọ́ láwùjọ. Ohun tó ń já àwọn atẹ̀wé láyà ni gbólóhùn kan péré nínú òfin 2014 yẹn: ó ní ẹni tó bá fi ìfẹ́ náà hàn ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Ẹ̀bùrú kẹ̀! Kí ni èèyàn ò lè tì sábẹ́ ẹ̀bùrú?

Tó bá jẹ́ pé òfin ò mú ìwé, kí ló dé tí ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá fi dákẹ́ tó báyìí?

Owó.

Ẹ jẹ́ n ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦4,000 ni ìwé mi. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ láàárín atẹ̀wé àti òǹkọ̀wé ni ìdá 10 nínú 100, ìyẹn ₦400 lórí ẹ̀dà kan. Bí 1,000 ẹ̀dà bá tà, ₦400,000 ni tèmi, ìyẹn tí atẹ̀wé bá sanwó déédéé. Ìwé ìtàn Yorùbá tó bá sì tà tó bẹ́ẹ̀ láìsí iléèwé lẹ́yìn rẹ̀, ó gbìyànjú. Ẹni tó bá ní òun á tẹ tòun fúnra òun, òun ni yóò san owó ìtẹ̀wé, òun ni yóò lọ gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ní National Library, òun ni yóò kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ilé ìtàwé náà yóò yọ 30 nínú 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sórí àtẹ.

Iléèwé ni owó wà. Ìwé tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò WAEC tàbí NECO, àwọn ọmọ tó ń ṣe Yorùbá ní láti rà á, ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí ló fi jẹ́ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ̀wé, ojú àwọn tó ń yan ìwé là ń wò. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wa. Àwa fúnra wa là ń fọwọ́ ara wa pa á rẹ́ kó tó dórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Atẹ̀wé kan ka iṣẹ́ mi tán, ó yìn ín títí, ó wá ní, "Àǹtí, obìnrin kejì yẹn, ẹ ò ṣe kúkú sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ lásán? Iléèwé á gbà á." Kò mẹ́nu ba ọlọ́pàá, kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn. Mo bínú díẹ̀, àmọ́ n ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ó ní òṣìṣẹ́ tó ń sanwó fún.

Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjà lókè òkun, ìdí nìyẹn tí ẹnu wọn fi yá ju tiwa lọ. Láti 1965 ni Wọlé Ṣóyínká ti fi Joe Golder, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń fẹ́ ọkùnrin, sínú *The Interpreters*. Ní 2005, Jude Dibia fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn ní *Walking with Shadows*. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Chinelo Okparanta kọ *Under the Udala Trees*, ìtàn ọmọbìnrin méjì nígbà ogun Biafra.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ṣé ẹ̀mí ló ń bà lé yín ni àbí ẹ ń jókòó tì í?

Mò ń jókòó tì í. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà títí oòrùn yóò fi mú, nítorí pé àsìkò yẹn nìkan ni jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò máa ń dákẹ́. Ìyókù ọjọ́, oúnjẹ òòjọ́ ni: mò ń tún ìwé ẹni ẹlẹ́ni ṣe, mò ń kọ ìtàn ìgbésí ayé fún olówó tó fẹ́ ṣọjọ́ ìbí, mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ìtàn ìgbésí ayé olówó ń mówó wọlé ju ìtàn àròsọ lọ, ó sì máa ń ní irọ́ nínú jù ú lọ.

Ní ti ẹ̀dá ìtàn, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá fún wọn. Kí n tó mọ ẹni tí obìnrin yẹn fẹ́ràn, mo ti mọ̀ pé ìkòkò ló ń mọ, mo sì lọ jókòó ti àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Òkèlélé, ní Ìlọrin níbí. Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n á da ìdí ìkòkò àtijọ́ dé, wọ́n á pa amọ̀ lé e, wọ́n á máa gbá a títí yóò fi rí bí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Tó bá le díẹ̀, wọ́n á yí i sókè, wọ́n á máa fi amọ̀ tí wọ́n lọ́ gbọọrọ kọ́ èjìká àti ọrùn rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń yí lára rẹ̀ tí ọnà fi ń jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún, nígbà tó ṣì gbóná janjan, wọ́n á fi igi gbé e nínú iná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọnú omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè. Á hó ṣàà. Nígbà tó bá jáde, ó ti dúdú, ó ti ń dán. Ìyá àgbà kan rí mi tí mò ń kọ, tí mò ń kọ, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé lo fẹ́ fi mọ ìkòkò ni?"

Ìdí omi dúdú yẹn ni mo fi àwọn obìnrin méjèèjì sí. Ìkòkò ńlá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé, ọ̀kan á di igi mú lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wọn ò sì gbọdọ̀ wo ibòmíràn. Fún orí mélòó kan, n ò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkàwé tó bá ti mọ bí ọwọ́ obìnrin kan ṣe ń ṣiṣẹ́, tó mọ iye tó ń ta ọjà rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ, kì í lè fi orúkọ kan ṣoṣo pè é mọ́ tó bá wá gbọ́ àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá fi àṣírí náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ti fi ohun ìjà lé òǹkàwé lọ́wọ́.

Ṣé ẹ̀yin náà wà nínú wọn ni?

Nínú ìwé tí mo kọ ṣáájú, káńsẹ́lọ̀ tó kówó ìjọba jẹ ni olú ẹ̀dá ìtàn. Kò sẹ́ni tó bi mí nígbà yẹn.

Àṣà òyìnbó lẹ fẹ́ kó ran àwọn ọmọ wa. Ṣé irú èyí wà láyé àwọn baba wa?

N ò ní parọ́ fún yín pé àwọn baba wa ń gbé ọkùnrin níyàwó fún ọkùnrin. Ìgbéyàwó àti ọmọ ni ilé fi ń dúró lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àmọ́ tí ẹ bá ní ká tú ohun tó jẹ́ tòyìnbó, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Abala 284 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òyìnbó ló kọ gbòǹgbò rẹ̀ fún Íńdíà ní 1860, abala 377 ni tiwọn níbẹ̀. Láti Íńdíà ó dé Sudan, ti Sudan ni wọ́n wò kọ tiwa ní Àríwá ní 1959. Ní 1967, òyìnbó yọ ọwọ́ òfin kúrò nínú ohun tí àgbàlagbà ọkùnrin méjì bá jọ gbà láti ṣe ní kọ̀rọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, kóòtù tó ga jù ní Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwọn. Àwa là ń bá wọn tọ́jú ẹrù tí wọ́n ti sọ sílẹ̀, tí a sì ń pè é ní àṣà wa.

Alhaja, ọmọ kéwú ni yín. Ẹ sọ ojú abẹ níkòó: ṣé ẹ fẹ́ ká tẹ́wọ́ gbà wọ́n ni?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀fà ló béèrè èyí, ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún, nítorí náà n ò ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn wí lórí ìbálòpọ̀, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ ọ́, ẹ ò nílò òǹkọ̀wé kó wá bá yín yí i. Ní July 2024, nígbà tí ariwo Samoa Agreement, àdéhùn àárín ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, gbòde, tí wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ti tà wá, pé ó ti gba ìfẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo láàyè, tí ìjọba ń sọ pé kò sóhun tó jọ ọ́ nínú àdéhùn náà, mo gbọ́ oríṣiríṣi wáàsí. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nípa kíto, ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kíto. Ọmọkùnrin kan á ṣe bí ẹni pé òun náà wà nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á pè é wá sílé. Bó bá ti wọlé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á lù ú, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á kó owó inú báǹkì rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n lù yìí ò lè dé tẹ́ṣàn, nítorí bó bá ti la ẹnu ni òun gan-an máa di ọ̀daràn. Àwọn olè mọ òfin 2014 ju lọ́yà lọ.

Ẹ tún wo ti Èkó. Ní 2018, ọlọ́pàá kó àwọn ọkùnrin kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ẹgbẹ́dá, àwọn yẹn ní ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn kí kóòtù tó gbọ́ ohunkóhun. Ogójì ó lé méje nínú wọn, 47, ló jẹ́jọ́ pé wọ́n fi ìfẹ́ hàn ní gbangba. Ní October 2020, kóòtù gíga àpapọ̀ wọ́gi lé ẹjọ́ náà nítorí pé ìjọba ò mú ẹlẹ́rìí wá. Ta ló fẹ́ bá wọn pa àwòrán yẹn rẹ́ lójú ìyá ìyàwó, lójú ọ̀gá ibi iṣẹ́?

Nítorí náà, ìdáhùn mi: n ò ní kẹ́ ẹ yí fátíwà padà. Mo ní kí ẹ má lé ọmọ yín sígboro, kí ẹ má fà á lé àwọn tó máa lù ú lọ́wọ́, kí wọ́n sì mú òfin yẹn kúrò, nítorí olè àti ọlọ́pàá tó ń gba rìbá nìkan ló ń jèrè rẹ̀. Tí ẹ bá pe ìyẹn ní ìtẹ́wọ́gbà, ó dáa, mo fẹ́ ẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òmù-Àrán ni mo wà, ọmọ ogún ọdún. Irú ìtàn yìí ni mò ń kọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Kọ ọ́ parí ná. Lẹ́yìn náà, wo ẹni tí o fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá wà tó sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ọ, yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, yí ìlú rẹ̀, yí iye ọmọ ìyá rẹ̀, gbé àpá ojú rẹ̀ kúrò. Òmù-Àrán ò tóbi, àwọn èèyàn á mọ̀ ọ́n nínú ìpínrọ̀ kan. Fi hàn án kó tó jáde, bó bá ní kó o yọ ojú ìwé kan, yọ ọ́ láìjiyàn. Má ṣe fi orúkọ rẹ̀ gidi pamọ́ sínú fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ, nítorí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Fún èèyàn méjì kà, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí kò ní gba tìẹ. Bí atẹ̀wé bá ní kó o sọ olólùfẹ́ di ọ̀rẹ́, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye tó máa san sí i.