Plọ́ọ̀gì bàbà, plátínọ́ọ̀mù àti írídíọ́ọ̀mù: èwo ló yẹ ká rà?

Ìbéèrè: Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni mo ń ná lójoojúmọ́. Mẹ́káníìkì mi ní kí n yọ plọ́ọ̀gì bàbà tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, kí n ra írídíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé bàbà ló ń gbé iná mànàmáná jù. Kí ló wá ń jẹ́ kó tètè jẹ?

Ìdáhùn: Lóòótọ́, bàbà ló ń gbé iná jù nínú wọn. Àmọ́ bàbà kọ́ ló wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì tí gbogbo wa ń pè ní ti bàbà. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n fi bàbà sí, kó lè máa fa ooru kúrò lẹ́nu. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe ẹnu tó ń ṣáná gan-an, torí bàbà rọ̀, 1,085°C ló sì ti ń yọ́. Níkẹ́ẹ̀lì ń yọ́ ní 1,455°C, plátínọ́ọ̀mù ní 1,768°C, írídíọ́ọ̀mù ní nǹkan bí 2,446°C.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan á ṣáná tó 1,500 ìgbà, ó kéré tán, gbogbo rẹ̀ ló sì ń bù díẹ̀díẹ̀ lára ẹnu náà. Bó bá ti jẹ, àlàfo tí iná ń fò kọjá á fẹ̀, kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná á máa fi tipátipá ṣiṣẹ́, òun náà á sì bàjẹ́. Írídíọ́ọ̀mù le débi pé wọ́n lè ṣe ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, nǹkan bí 0.6 mìlímítà, nígbà tí ti níkẹ́ẹ̀lì ń tó 2.5. Ẹnu tó bá tín-ín-rín kì í gba agbára púpọ̀ kó tó ṣáná.

Ìbéèrè: Ṣé ọkọ̀ mi á wá sáré sí i?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọjọ́ tó máa pẹ́ lẹ ń sanwó fún. Níkẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èyí tí a ń pè ní ti bàbà, sábà máa ń lo 30,000 sí 50,000 kìlómítà. Àwọn méjì yòókù lè tó 100,000. Àlọ àti àbọ̀ yín súnmọ́ 100 kìlómítà lójúmọ́, nǹkan bí ọdún kan ni níkẹ́ẹ̀lì fi máa tó pààrọ̀. Bí ìwé tó bá ọkọ̀ wá bá ní níkẹ́ẹ̀lì, tí owó ò sì sí, ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Bó bá ní írídíọ́ọ̀mù, òun ni kí ẹ rà.

Ìbéèrè: Ayédèrú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ nínú páálí kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ írídíọ́ọ̀mù síta tí ẹnu rẹ̀ sì nípọn bíi ti níkẹ́ẹ̀lì, ẹ dá a padà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha lẹ́nu. Ó máa ń dùn mí láti rí i, torí ẹnu tín-ín-rín yẹn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì tó ti wà nínú ọkọ̀ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, bí ẹ bá ti wò ó pé ó bá ti inú ìwé mu, torí nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ìwọ̀n ooru tó lè fà kúrò lẹ́nu.