Wàbì: Ibi Tí Yẹ̀rì Ọkùnrin Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí bàtá ti ń dún, tí ẹlẹ́gùn Ṣàngó sì ń jó, á ti rí wàbì rí. Yẹ̀rì ni. Awẹ́ awẹ́ ni wọ́n gé e, etí àwọn awẹ́ náà kò sì so mọ́ra wọn. Bí ẹlẹ́gùn bá fò yí po, gbogbo awẹ́ á dìde kúrò lára rẹ̀, àwọ̀ tó wà nínú á yọ, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ sí àwọn tó dúró yí i ká. Ọkùnrin ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì di irun rẹ̀ bí irun ìyàwó. Ṣàngó tó ń gùn ún ni òrìṣà àrá, ọba tí ẹnu rẹ̀ ń yọ iná.

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan bá gbé àwòrán yẹ̀rì wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìbàdàn lónìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé àṣà òyìnbó ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ìtàn mu. Yẹ̀rì ọkùnrin ti wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kúdẹtì ní Ìbàdàn, ipò àṣẹ ló sì wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣòkòtò, nítorí òun ló jẹ́ àlejò. Ẹṣin ló bí ṣòkòtò. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tí àwọn awalẹ̀pìtàn tíì rí, ìtòsí Turfan ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà ni wọ́n ti hú u jáde nínú sàréè àwọn ẹlẹ́ṣin. Ó ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Irun ẹran ni wọ́n fi hun ún: ẹsẹ̀ méjì, pẹ̀lú awẹ́ kan tó fẹ̀ dáadáa láàárín itan kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè ya ẹsẹ̀ lórí ẹṣin. Aṣọ tí a ró mọ́ ìdí kò ṣe é gun ẹṣin, torí yóò ká sókè, gàárì á sì bó itan. Nílẹ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra ẹṣin, ibẹ̀ náà sì ni ṣòkòtò ńlá àti agbádá gbà wọlé. Nínú igbó níhà gúúsù, níbi tí eṣinṣin tsetse kì í ti í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé, bàǹtẹ́ àti aṣọ ìbora ni ọkùnrin ń lò. Títí di òní, àwọn Ìjọ̀ (Ijaw) àti Urhobo láti Niger Delta tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn ń ró ìró lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì gígùn, pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá ọkùnrin ni wọ́n.

Ní Ọ̀yọ́, Ṣàngó ni òrìṣà ààfin. Kòso ni ojúbọ rẹ̀ tó ga jù wà, Mọ́gbà sì ni olórí níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìsìn náà, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, nítorí òrìṣà ni ọkọ, òun ni yóò sì máa gùn ún. Ohun tó mú yẹ̀rì àti irun dídì wọlé nìyẹn. Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹni tó wọ̀ ọ́ o. Láyé àtijọ́, ilé tí àrá bá sán sí, àwọn oníṢàngó ló ń wọ ibẹ̀, àwọn ló ń sọ iye tí onílé máa san kí wọ́n tó ṣe ètùtù, onílé kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù ara rẹ̀ títí wọn ó fi parí. Ọkùnrin tó ń wọ yẹ̀rì ni jagunjagun ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú sọ Ìbàdàn di ibùdó ní nǹkan bí 1829, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú Ọ̀yọ́ gbé òrìṣà wọn wá. Ní 1910, Leo Frobenius, onímọ̀ àṣà ọmọ Jámánì, dé Ìbàdàn, ó sì bá ojúbọ Ṣàngó kan ní Agbeni tó yà á lẹ́nu gan-an: ọ̀wọ́ òpó gbígbẹ́ níwájú, àwọn làbà, ìyẹn àpò aláwọ ti Ṣàngó, tí wọ́n fi kọ́ sí ara ògiri nínú. Carl Arriens tó bá a rìn ya àwòrán ibẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ìlú tí wọ́n ti ń fi ìbọn àti ẹrú díwọ̀n ọkùnrin, síbẹ̀ ẹlẹ́gùn ń fi wàbì jó láàárín rẹ̀.

Bí wàbì ṣe rí ló yẹ kí télọ̀ fara balẹ̀ wò, nítorí ọgbọ́n ìránṣọ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ká ní ìbàdí ọkùnrin kan jẹ́ 36 ínṣì, tí a sì fẹ́ rán irú rẹ̀ fún ijó. Gé ọ̀já ìbàdí ní 42 ínṣì kí ó lè fi 6 ínṣì kọjá ara rẹ̀, kí o sì fi okùn 24 ínṣì sí etí kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ òkè jẹ́ 14; ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 3 ínṣì lókè, 7 ínṣì nísàlẹ̀, ó sì gùn ní 22. Awẹ́ abẹ́ jẹ́ 13. Ibi tó jìn sí etí ọ̀já ní ínṣì kan àbọ̀ ni kí àwọn ti abẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú àárín awẹ́ abẹ́ lè bọ́ sí ibi tí awẹ́ òkè méjì ti pàdé. Bí o bá tò wọ́n ní ọgbọọgba, gbogbo ibi tó là lókè náà ni yóò là lábẹ́, ihò á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀. Òkè nìkan ni wọ́n ti ń rán awẹ́ mọ́ ọ̀já. Télọ̀ tó bá fẹ́ ṣe dáadáa jù, tó fi abẹ́rẹ́ so etí wọn pọ̀ nísàlẹ̀, ti sọ ọ́ di síkẹ́ẹ̀tì lásán, kò sì ní í fò mọ́.

Ìdí tí ìsàlẹ̀ fi fẹ̀ ju òkè ni pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá a mú. Awẹ́ tó fẹ̀ ní 3 ínṣì lókè tó tún fẹ̀ ní 3 nísàlẹ̀ á kàn máa nà gbọọrọ ni. Láínì ṣe pàtàkì bí ojú aṣọ, torí inú lèrò ń rí nígbà tí aṣọ bá fò: pupa lójú, funfun tàbí àwọ̀ ewé nínú. Fi gum stay tín-ín-rín, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró, sáàárín. Èyí tó nípọn á jẹ́ kí awẹ́ le gbagidi, á sì máa lu orúnkún.

Bó bá jẹ́ àrán, ìyẹn velvet, lo fẹ́ fi rán an, òun ló máa ń ba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́ jẹ́. Irun àrán ní ibi tó kọjú sí. Fi àtẹ́lẹwọ́ rà á: bó bá ń yọ̀, ìhà tí irun ń sùn sí lo ń lọ; bó bá ń ta kò ọ́, òdìkejì rẹ̀ ni. Nítorí pé awẹ́ wàbì ṣóńṣó lókè, ó máa ń wu télọ̀ láti gé ọ̀kan kí orí wà lókè, kó gé ìkejì kí orí wà nísàlẹ̀, kí aṣọ má baà ṣòfò. Nínú àǹkárá tí àwòrán rẹ̀ kò ní òkè kò ní ìsàlẹ̀, kò burú. Nínú àrán, oòrùn kan ṣoṣo ti tó láti tú àṣírí rẹ̀: awẹ́ kan á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á pupa rẹ́súrẹ́sú, àfi bíi pé ìgàn méjì lo rà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o máa lọ̀, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lábẹ́. Áyọ́ọ̀nù tó bá fọwọ́ kan ojú rẹ̀ á fi àmì sílẹ̀ tí kò ní í lọ.

Owó ẹyọ márùn-ún sí etí ìsàlẹ̀ awẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan ti tó. Àádọ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ìwúwo díẹ̀ yẹn ló ń fa awẹ́ padà wálẹ̀ bí ijó bá dúró. Bó bá pọ̀ jù, kò ní í dìde. Fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán an, kí o so kókó lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí òwú kan ṣoṣo bá gba inú gbogbo wọn kọjá, ọ̀kan já, gbogbo wọn dà sílẹ̀ lójú agbo.

Ní 1853, David Hinderer tó jẹ́ míṣọ́nnárì àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ìjọ àti ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni yúnífọ́ọ̀mù ti ń pín àwọn ọmọ sí méjì: ṣòkòtò fún ọkùnrin, gáùn fún obìnrin. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó náà ní yẹ̀rì ọkùnrin nílẹ̀ tiwọn. Àwọn ará òkè Scotland ti ń ró kilt ńlá láti òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, aṣọ gígùn kan tí wọ́n ń ṣẹ́ po mọ́ ìdí, tí wọ́n sì ń fi ìyókù rẹ̀ dà sí èjìká. Kékeré rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí nìkan, dé ní nǹkan bí 1720 sí 1730. Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù ni pé Thomas Rawlinson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń yọ́ irin ní Invergarry, ló ní kí wọ́n gé ti òkè kúrò kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rọ́wọ́ ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Scotland kan kò gbà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ará òkè Scotland bá wọn ṣe sí ọba ní 1745, ìjọba fòfin de aṣọ náà ní 1746. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje bó bá tún un wọ̀. Àwọn sójà ọba nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé e.

Oṣù mẹ́fà náà ló tún wà nínú àbádòfin tí wọ́n gbé wá síwájú ilé aṣòfin kékeré ní Àbújá ní 2022 láti dá ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin àti obìnrin tó bá wọ ti ọkùnrin lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà. Kò di òfin. Ta ni ì bá sọ fún ọlọ́pàá pé aṣọ ọkùnrin ni wàbì, àti pé aṣọ ọkùnrin ni ìró Urhobo?

Ní Paris, Jean Paul Gaultier, gbajúmọ̀ aránṣọ, fi yẹ̀rì ọkùnrin sínú aṣọ tó gbé jáde fún 1985. Ní Èkó, Adebayo Oke-Lawal dá ilé aṣọ Orange Culture sílẹ̀ ní 2011, ó sì ń rán aṣọ ọkùnrin tó rọ̀, tó sì ní àwọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá sọ́dọ̀ télọ̀ ti ń wá, inú wa sì dùn sí i. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n mọ̀ pé ilé náà ní tirẹ̀.

Kilt ni wọ́n ń béèrè jù. Àǹkárá yáàdì mẹ́fà, ìyẹn 216 ínṣì, tó fún ọkùnrin tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 40. Gé e ní gbọọrọ, láìjá a, ní 26 ínṣì, kí ó lè kù ní 24 lẹ́yìn tí o bá ti ká etí rẹ̀. Aṣọ Scotland kò nílò kíká. Ọwọ́ ìhunṣọ ní ibẹ̀ ń parí etí rẹ̀ dáadáa. Ti àǹkárá ní lẹ́tà lára, kò ṣe é fi hàn. Iwájú rẹ̀ ní awẹ́ pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lórí èkejì, tí èyí tó wà lókè sì ń parí sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́. Méjèèjì gba nǹkan bí 47 ínṣì. Ìyókù, 169, di pílíìtì (aṣọ tí a ṣẹ́ po) 27 lẹ́yìn: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ aṣọ 6 ínṣì àti ìdámẹ́rin, ojú rẹ̀ tó hàn sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan.

Ojú pílíìtì yẹn ni ìṣòro. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ìdámẹ́jọ ínṣì péré fẹ̀ jù, pílíìtì 27 á fi ínṣì mẹ́ta lé díẹ̀ kún ìdí, kilt á sì máa yọ̀ wálẹ̀. Má fi ojú wọ̀n ọ́n. Gé páálí kékeré kan ní ìwọ̀n náà gan-an, kí o máa fi sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì tún wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn pílíìtì mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Rán wọn mọ́lẹ̀ láti ìbàdí dé ìdí, nǹkan bí 8 ínṣì, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀ ní títú. Fi òwú lílọ́ so ìsàlẹ̀ wọn kí o tó lọ̀ wọ́n, kí o má sì yọ òwú náà títí aṣọ á fi tutù pátápátá, torí àǹkárá tó bá ṣì gbóná máa ń tú pílíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́líìtì aláwọ méjì ni kí o fi dè é, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sípì kò yẹ ẹ́: bí ẹni náà bá sanra díẹ̀, ihò bẹ́líìtì kan ni yóò kàn ṣí sílẹ̀, kò ní í pọn dandan pé kó gbé e padà wá. Ẹni tó bá sì máa gun ọ̀kadà láti Mọ́kọ́lá lọ sí Gbági, ṣòkòtò pénpé ni kó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.