Oògùn Glaucoma Méjì Nínú Ìgò Kan: Kí Ló Wà Nínú Tiyín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wọlé tọ̀ mí wá ní ilé ìtajà oògùn wa ní Òkè-Ìléwó, ó sì tú báàgì rẹ̀ sórí káńtà. Ìgò oògùn ojú méjì bọ́ síta, ọ̀kan ní ìdérí yẹ́lò, èkejì ní ìdérí búlúù. Ó ní méjèèjì lòun ń kán láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n ó tó oṣù kan báyìí tó jẹ́ pé bí òun bá dìde lórí àpótí, òòyì a kọ́ òun. Mo ka ara ìgò. Timolol ló wà nínú ti yẹ́lò. Dorzolamide pẹ̀lú timolol ló wà nínú ti búlúù.

"Dókítà mi, ẹni tó fún mi ní ìkejì ò bèèrè ti àkọ́kọ́ o."

"Ẹ̀yin náà ò sì fi hàn án, Màmá."

"Ta ní ń gbé oògùn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn?"

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń wo aago: ọkàn rẹ̀ lù ní ìgbà 48 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti lọ́ra jù. Timolol a máa mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni Màmá sì ń kán. Mo pe dókítà ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó fi ti yẹ́lò sílẹ̀, kó sì wá rí òun lọ́jọ́ kejì.

Omi kan ń sun nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, inú ojú á le, á sì máa ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ìyẹn là ń pè ní glaucoma. Ohun tó bá ti bàjẹ́ ò ní padà. Èyí tó ṣẹ́kù là ń fi oògùn ṣọ́. Oògùn kan ń dín omi tó ń sun kù, òmíràn ń la ọ̀nà fún un láti jáde. Bí ẹyọ kan ò bá ká a, dókítà á fi èkejì kún un. Ẹni tó bá ń lo ìgò méjì gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 5 láàárín wọn, kí ìkejì má baà ṣan àkọ́kọ́ dànù. Ta ló fẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí mọ́tò Èkó ń kún lọ ní Kútọ̀? Ìdí rèé tí wọ́n fi pa méjì pọ̀ sínú ìgò kan.

"Èwo ló lágbára jù?" Ìbéèrè yìí ti ń sú mi díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nínú bí wọ́n ṣe ń rọ ojú kò tó èyí tó wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara ẹni tó ń lò wọ́n. Cosopt, ìyẹn dorzolamide àti timolol, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Ó máa ń ta ojú, ó sì máa ń korò lọ́fun. Combigan, brimonidine àti timolol, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni. Ẹnu a máa gbẹ, oorun a máa kunni, ojú ẹlòmíràn a sì pọ́n, a máa yún un lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ojú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Xalacom, latanoprost àti timolol, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni, irun ìpéǹpéjú a sì máa gùn lórí rẹ̀ (àwọn ọmọge ò bínú sí èyí). Wàhálà tirẹ̀ ni pé inú fíríìjì ló yẹ kó wà kí ẹ tó ṣí i, bẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, ọ̀sẹ̀ 4 ló ní. Ẹ̀yin náà mọ bí ooru oṣù Kẹta ṣe rí ní Abẹ́òkúta bí iná bá lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí hàn yín.

Timolol wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée, tí ọkàn yín ń lù jẹ́jẹ́, tàbí tí ẹ ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ̀wé oògùn. Simbrinza ni kò ní timolol nínú: brinzolamide àti brimonidine ni. Ó funfun bíi mílíìkì, ẹ sì gbọ́dọ̀ mì í kẹ́ ẹ tó kán an. Ẹ má fọkàn tán àwọ̀ ìdérí o, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé àwọ̀ kan náà. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ orúkọ ńlá ni kẹ́ ẹ kà.

Ìkorò ọ̀fun yẹn ní ohun tó ń sọ. Ihò kan wà níkọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ni oògùn ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú imú àti ọ̀fun, tí ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ọkàn. Ẹ wòkè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹ kán ẹyọ kan ṣoṣo. Ojú ò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ ìkọ̀rọ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú 2.

Màmá ti padà wá lánàá, òòyì ti lọ. Ó ní òun ò ní aago, àwọn àdìrẹ tó wà lórí okùn lòun ń kà bí òun bá ti tẹ ojú, bó bá ti pé méjìlá, òun á jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á tán kí n tó ráyè wo aago. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ti ìsọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kún un."