Ẹṣin Leégún Ilé Wọn: Bí A Ṣe Ń Dá Àṣà Sílẹ̀ fún Ẹ̀yà Tí Kò Sí Láyé

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ ìtàn tó wáyé nílẹ̀ tí kò sí níbì kankan, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kan ni ìtàn fúnra rẹ̀: ta ló ṣe kí ni, kí ló sì tìdí ẹ̀ yọ. Èkejì ni ayé tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, oúnjẹ wọn, èèwọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń sìnkú. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ń pè ní worldbuilding. Dídá ayé ìtàn ni n óò máa pè é níbí, apá kan rẹ̀ ṣoṣo ni n óò sì fọwọ́ bà, ìyẹn àṣà àti ìṣe ẹ̀yà tí òǹkọ̀wé fi ọkàn ara rẹ̀ dá.

Apá yẹn ni mo mú nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìtàn táwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ sórí fóònù ti ń mẹ́hẹ. Wọ́n á ní ẹ̀yà kan wà, jagunjagun ni gbogbo wọn, oòrùn ni wọ́n ń bọ, aṣọ pupa ni wọ́n ń wọ̀, ó parí. Ta ló ń ro oko tí àwọn jagunjagun náà ń jẹ níbẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ oòrùn, tí kì í ṣe odò? Ta ló ń rẹ aṣọ pupa yẹn, kí ló sì fi ń rẹ ẹ́? Kò sí ìdáhùn. Òǹkàwé lè má mọ ohun tó ń ṣe òun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí, torí pé àwa tí a ń gbé Ìlọrin àti agbègbè Ọ̀fà àti Ìgbómìnà ò yẹ ká ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì ìlú wa ti fi ọ̀nà hàn wá tipẹ́.

Ẹ gbọ́ ti Ìlọrin: “Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ìlú tó tóbi tó yìí, wọn ò léégún rárá. Ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.” Ẹ wo bí iṣẹ́ tí gbólóhùn kúkúrú yìí ṣe ti pọ̀ tó. Ó kọ́kọ́ rán wa létí pé ẹni tó bá wọ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ń retí àtirí eégún níbẹ̀. Ó sọ pé kò sí. Kò wá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ó sọ ohun tó dí i: ẹṣin ló wà nípò eégún, ọ̀kọ̀ ló wà nípò orò. Ẹni tó bá ronú sí i á ti rí ìtàn ìlú náà lódindi: ogun orí ẹṣin tó sọ Ìlọrin di alágbára ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí kò fún eégún láàyè. Títí di òní, tí wọ́n bá ṣọdún Iléyá tán, ẹṣin ni àwọn èèyàn ń gùn lọ kí Ẹ́míà, gbogbo ìlú a sì tú jáde wá wòran.

Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ dé Ọ̀fà. “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà.” Àyè kan náà ni, ohun mìíràn ló dí i.

Ohun èlò àkọ́kọ́ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀yà sílẹ̀. Kó tó mọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, kó kọ́kọ́ wá oríkì wọn. Kí leégún wọn? Kí lorò wọn? Kí ni ohun tí gbogbo aládùúgbò wọn ní tí àwọn ò ní, kí ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀? Àìní máa ń bí àṣà ju ọlà lọ.

Ẹ jẹ́ ká dá ẹ̀yà kan báyìí ká lè rí i. Orí òkè olókùúta ni wọ́n ń gbé, kò sódò, kànga ò ṣeé gbẹ́. Omi òjò tí wọ́n bá gbè láti Igbe, oṣù kẹrin, títí dé Ọ̀wàrà, oṣù kẹwàá, ni wọ́n ń mu títí ọdún á fi yí. Inú àmù ńláńlá ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Alámù. N kò tíì dá àṣà kankan fún wọn o. Ilẹ̀ ni mo fún wọn, mo sì fi ohun kan dù wọ́n. Àṣà á máa ti ibẹ̀ yọ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé Dàda ní Òkèlele nílùú Ìlọrin, níbi táwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìkòkò amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ sí ara ìkòkò, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Ohun tó ń mú kí omi àmù tutù nìyẹn. Àmọ́ gbogbo omi tó gbẹ yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa kò já mọ́ nǹkan kan, a ó tún lọ pọn òmíràn. Lọ́dọ̀ Alámù, ọ̀ràn ńlá ni. Nítorí náà wọ́n á fi òrí pa inú àmù ìpamọ́ kí omi má baà jò, omi inú rẹ̀ á sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmù tí wọn ò fi nǹkan kan pa, ìyẹn tí ń mú omi tutù, ọ̀kan ló máa wà nílé kọ̀ọ̀kan. Arúgbó, aláboyún tó ń rọbí àti àlejò pàtàkì ló ń mu níbẹ̀. Omi tútù ti di ọ̀wọ̀ báyìí. Olówó á gbé àmù tó ń làágùn sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé lè rí i. Bí wọ́n bá sì gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún àlejò, wọ́n ti bú u nìyẹn láìlanu.

Wọn kì í fi omi wẹ òkú, àdí ni wọ́n fi ń pa á lára. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ń sìnkú sí, kí àgbàrá má baà gba orí sàréè kọjá wá síbi tí wọ́n ti ń gbe omi. Èyí ò ní ya ará Ìlọrin lẹ́nu púpọ̀, torí pé gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí kò rómi ṣe àlùwàlá lè fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Àìsí omi kì í fòpin sí ìwẹ̀nùmọ́. Ó kàn ń fún un ní ọ̀nà mìíràn ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àṣà wọn ni ìsọmọlórúkọ. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ Alámù, inú òjò ni ọmọ ti ń wẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ náà ló sì ń gborúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí nínú Agẹmọ, oṣù keje, lè gborúkọ lọ́jọ́ kejì. Èyí tí wọ́n bí nínú Bélú, oṣù kọkànlá, á dúró di Igbe, “Àlejò” sì ni wọ́n á máa pè é fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Ó lè jọ pé ohun kékeré ni. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì. Ìyáálé bímọ nínú Bélú, ìyàwó bímọ nínú Igbe, ó ku ọ̀la kí òjò rọ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì gborúkọ. Ta ni ẹ̀gbọ́n? Ta ni yóò kúnlẹ̀ kí èkejì? Bí bàbá wọn bá jẹ́ ọba ńkọ́? Yorùbá kan ò sí tí kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú Èrèlé, oṣù kejì, tó ń sọ orúkọ sí i létí lóru nítorí pé kò fẹ́ kó lọ láìlórúkọ: èèwọ̀ ló ń jẹ yẹn, ó sì mọ̀. Àṣà ti di ìtàn.

Àṣà tí kò bá ni ẹnikẹ́ni lára, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Èyí ló mú mi máa sọ fún àwọn tó ń kọ̀wé pé kí wọ́n béèrè ẹni tí àṣà náà ń pọ́n lójú àti ẹni tó ń jèrè rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin Alámù kan bá rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbẹ́ kànga, ẹ má rò pé gbogbo ìlú á dúpẹ́. Àwọn amọ̀kòkò á bínú. Àwọn àgbà tó ń pín omi á ní ó fẹ́ tú ìlú. Àwọn ìyá tó bímọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló máa tẹ̀ lé e, wọ́n lè má sì lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ẹ̀yà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń ronú bákan náà kò sí. Ìlọrin tí a ń gbé yìí, Balógun mẹ́rin ló ní: Àjíkòbí, Àlánamú, Gàmbàrí àti Fúlàní. Ìdílé Fúlàní ni Ẹ́míà ti ń jẹ, èdè Yorùbá sì ni ìlú ń sọ. Bí ẹnì kan bá fi irú èyí sínú ìtàn àròsọ, ẹlòmíràn á ní ó ti lọ́ jù. Bẹ́ẹ̀, báyé ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó kù ni bí òǹkọ̀wé yóò ṣe gbé gbogbo rẹ̀ síwájú òǹkàwé. Fún èyí, Èsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà ni mo máa ń rán èèyàn lọ. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Irun tí wọ́n dì yàtọ̀ síra. Àwọn kan ní ilà lójú, àwọn mìíràn wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, àwọn kan di àdá mú. Àwọn ará ìlú ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn ère náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn á ti máa béèrè nínú ara rẹ̀ pé: kí ló dé tí irun ẹni yìí ga ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ? Ta ló ń jókòó láwùjọ wọn, ta ló ń dúró? Ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá lẹ́nu òǹkàwé.

Nítorí náà, ẹ má dá ìtàn dúró kẹ́ ẹ lè kọ́ni ní àṣà Alámù. Ẹ jẹ́ kí àlejò wọlé, kí ìyàwó ilé gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, kí ó gbé igbá náà sílẹ̀ láìfẹnu kàn án, kí ọkọ obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrí àti ihò wẹ́wẹ́ ara ìkòkò, inú ìwé àkọsílẹ̀ tiyín ni kó wà. Bí ó bá pọn dandan pé kí ẹnì kan béèrè ìdí rẹ̀ nínú ìtàn, kó jẹ́ ọmọdé tàbí àjèjì, torí ẹni tí wọ́n bí sínú àṣà kì í béèrè rẹ̀.